Lọ́yà Tó Gba Agbẹnusọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbani síṣẹ́, ẹ má sá, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ọkùnrin kan ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín, ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọmọ ènìyàn láìbá ọmọ ènìyàn sọ̀rọ̀. Kumasi níbí ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì tíì pẹ́.

Lọ́yà Yaseer Bákàrè ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, ó sanra níwọ̀n, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń yàwòrán rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ ru dígí àti ìlẹ̀kẹ̀ wá tà ní Asafo, tó kọ́lé sí Tafo, tó sì bímọ rẹpẹtẹ. Nínú gbogbo wọn, Yaseer ni ẹni àkọ́kọ́ tó dé irun funfun àwọn lọ́yà sórí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀, títí kan àwọn tí kò bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi bú wa díẹ̀. Àwa tí a bí sí Kumasi, tí ìlú baba wa jìnnà, àìsàn kan ń ṣe wá. Bí Asante tó nilẹ̀ bá tẹríba lẹ́ẹ̀kan, àwa á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan, àwa á di ọwọ́ òsì mọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pé ó jí ẹran. Bí ẹ bá rí èmi náà níbi òkú àwọn àna mi, ẹ ó rò pé èmi ni mo bí òkú ọ̀hún. Ti Yaseer wá ju ti gbogbo wa lọ, nítorí pé ó fi ìwé òfin kún un.

Ilé-iṣẹ́ lọ́yà tó wà kò jìnnà sí ọjà Asafo, ó wà lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Lọ́yà àgbà Theophilus ló dá a sílẹ̀. Bàbá náà ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, eékún rẹ̀ kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó pe àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Yaseer àti obìnrin kan tí ń jẹ́ Anita.

Ó ní, "Tí ọdún bá parí, mo ń lọ sinmi. Ọ̀kan nínú yín ni yóò jókòó sórí àga yìí, orúkọ rẹ̀ ni a ó sì kọ sára pátákó ìta. Òfin kọ́ ni mo fẹ́ wò, ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ ènìyàn ni mò ń wá. Yaseer, ìwọ ni kí o yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ́dún yìí. Anita, bá wa bójú tó àwọn ẹjọ́ ìlú Obuasi. Mò ń wò yín o."

Ohun tí bàbá yìí gbé lé Yaseer lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Ọmọ tó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ lọ́yà jáde gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́fà lábẹ́ àgbà kó tó lè dá dúró níwájú adájọ́. Bí kò bá rí àgbà, jókòó-sílé ni. Lọ́dún náà, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló kọ̀wé wá, àyè méjì péré ló sì ṣí sílẹ̀. Àwọn ìyá ọmọ ti ń gbààwẹ̀. Àmọ́ Yaseer kò rí ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta wọ̀nyẹn. Pátákó ìta ló rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tó rò pé ẹnikẹ́ni kò rí òun, ó lọ fi ìka wọn ibi tí orúkọ rẹ̀ yóò wọ̀, ó sì bá ẹni tí ń ta táyà jà pé táyà rẹ̀ bo ibi tí "Bákàrè" yóò parí sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ènìyàn méje ni wọ́n, obìnrin tí ń gbálẹ̀ sì wà nínú wọn.

Ó wúkọ́, ó ní: "Ẹ̀yin amòfin, ẹ̀yin akọ̀wé amòfin, àti ìwọ tí o ń gbálẹ̀ tí amòfin ń tẹ̀! Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ọjọ́ iwájú sí mi lápò. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò ní wọ ilé yìí nítorí pé ó mọ̀wé. Ìwé ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù, kí la fẹ́ fi ẹni tó mọ̀wé ṣe? Ìwà ọba ni mo fẹ́! Bí ọ̀dọ́ kan bá mọ bí a ti ń dúró níwájú àgbà, òfin fúnra rẹ̀ ni yóò máa sáré tẹ̀lé e lójú pópó!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin tí ń gbálẹ̀ pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé wọ́n dárúkọ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wọ́ nìyí. Ẹ mọ̀ pé ní ààfin Asante, ènìyàn kì í bá ọba sọ̀rọ̀ tààrà. Agbẹnusọ kan máa ń wà láàrin, tí wọ́n ń pè ní ɔkyeame, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí àlejò bá sọ, agbẹnusọ á tún un sọ fún ọba, á ge ẹ̀gún rẹ̀, á sì fi oyin sí i. Àṣà tó dára ni, ó sì yẹ ààfin. Lọ́yà Yaseer wò ó, ó rí i pé ó yẹ òun náà. Ẹ gbà mí o! Lọ́yà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbẹnu sọ fún ènìyàn, òun náà fẹ́ gba agbẹnusọ.

Ẹni tó yàn ni Kwaku, akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ náà. Kwaku ti lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n níbẹ̀, ó mọ ibi tí gbogbo fáìlì sùn sí. Agbẹnusọ gidi ni arákùnrin ìyá rẹ̀ ní abúlé wọn, ẹnu Kwaku sì dùn láti kékeré. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá Tafo, nítorí náà ó gbọ́ èdè wa yékéyéké.

Kwaku ní, "Lọ́yà, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ìwé ni mò ń tẹ̀."

Yaseer ní, "Nana ni kí o máa pè mí, bí wọ́n ti ń pe ọba. Má sì mú ọ̀rọ̀ tútù wá bá mi láé. Sè é jinná kí o tó gbé e wá. O kò sì gbọdọ̀ yanu níwájú mi àyàfi bí mo bá kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

Ó ní kí káfíńtà kan gbẹ́ ọ̀pá, kó fi orí adájọ́ tó dé irun funfun sí ṣóńṣó rẹ̀. Káfíńtà náà kò rí adájọ́ rí. Nígbà tí ọ̀pá dé, àgùntàn ni gbogbo ènìyàn rí. Oníbàárà kan tó wá sọ ẹjọ́ ilẹ̀ tiẹ̀ bèèrè bóyá wọ́n ti ń ta ẹran Iléyá lókè yìí. Yaseer ní ojú àwọn tí kò kàwé ló ń rí àgùntàn. Láti ìgbà náà, àwọn tó kàwé kò rí i mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń wò ó dáadáa.

Ó kù kó ṣe ìwé máàkì. Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Ìkíni gba ogún. Ìfarabalẹ̀ níwájú agbẹnusọ gba ogún mìíràn. Omi tí wọ́n ń fún àlejò tún ní máàkì tirẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ẹni tó bá mu ún tán, wọ̀bìà ni, ẹni tí kò bá mu ún, agbéraga ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó tọ́ ọ wò. Ìjókòó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ ọ̀tún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bàtà mẹ́wàá. Abena, ọmọbìnrin tí ń tẹ̀wé, ṣírò rẹ̀, ó ní, "Nana, ó ku márùn-ún." Yaseer ronú títí, ó ní kó kọ òfin síbẹ̀.

Fún márùn-ún yẹn, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ka fáìlì ẹjọ́ kan, yóò sì kọ ojú ìwé kan lórí rẹ̀. Fáìlì wo? Yaseer na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú èyí tó nípọn jù, nítorí pé ó wuyì lójú. Ó ní kí Abena fi yíǹkì dúdú pa orúkọ inú rẹ̀ rẹ́. Kò ṣí i. Bó bá ṣí i ni, ìbá rántí pé fáìlì Alhaja Nímátù ni, ìyá arúgbó tí wọ́n fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Asafo, tí òun Yaseer sì ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò láti ọdún mẹ́ta. Adájọ́ ti pàṣẹ pé kí ìyá náà kó àwọn ìwé rẹ̀ wá sílé ẹjọ́ láàrin ọjọ́ mọ́kànlélógún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Yaseer jókòó sórí àga tí wọ́n fi ìrọ̀rí méjì gbé sókè. Kwaku dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àgùntàn, ẹ forí jì mí, pẹ̀lú adájọ́. Abena ń kọ̀wé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kwadwo wọlé. Ó ti gbọ́ níta bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ó ké "Agoo!" lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹríba, ó kí Nana, ó kí ìyá Nana, ó kí àwọn tó ti kú nílé Nana ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí kò mọ ibi tó wà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ló fi kí i. Ó tọ́ omi wò lẹ́ẹ̀mẹta bí ológbò.

Yaseer sọ fún Kwaku, "Bi í léèrè pé kí ni àdéhùn lójú òfin."

Kwaku bi í. Kwadwo wo òkè àjà, ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. Ó ní, "Chale, ọ̀rẹ́ mi... mo ń bọ̀... mepa wo kyɛw, mo ti gbàgbé."

Kwaku pa ojú dé díẹ̀. Ó ní, "Nana, ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ àdéhùn jinlẹ̀ débi pé kò yẹ kí ẹnu ọmọdé tú u níwájú àgbà tó ti tú u kí wọ́n tó bí i."

"Háà!" ni Yaseer ṣe, ó gbọn orí. "Ọlọ́gbọ́n ni." Ó fún un ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọlé. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, Kwaku á wẹ̀ ẹ́, á fi òróró pa á, á sì gbé e síwájú Nana. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ ti rí ohun tí Yaseer kò rí: láti àárọ̀ yẹn, ẹnu Kwaku ló ń fún ní máàkì.

Ó wá kan ọmọbìnrin kan láti Krofrom, Ùmmúkùlsùm. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, Sàlímà, kò sì mọ ẹnikẹ́ni tó lè bá a bẹ lọ́yà. Ọmọ náà ti fi wákàtí kan ka fáìlì níta. Nígbà tó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀ sà," ó dìde, ó di fáìlì mọ́ àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí n tó jókòó, fáìlì yìí..."

Kwaku fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Jókòó. Mu omi. A ó bi ọ́ léèrè ohun tí o bá wá."

Ó jókòó. Ó gbé omi náà mu tán lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Abena dín máàkì kù.

Kwaku ní, "Nana bèèrè pé, kí lo bá wá?"

"Iṣẹ́ ni mo bá wá. Ṣùgbọ́n ṣé fáìlì ẹni tó wà láàyè ni èyí? Ẹ pa orúkọ rẹ́, ẹ kò pa ọjọ́ rẹ́. Adájọ́ fún wọn ní ọjọ́ mọ́kànlélógún láti kó ìwé wá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀la ló pé. Mi ò sì rí i nínú fáìlì pé ẹnikẹ́ni ti kó ohunkóhun lọ."

Yorùbá ló fi sọ ọ́, Yorùbá tó mọ́ gaara, irú èyí tí ìyá Yaseer fi ń pè é wá jẹun. Yaseer gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín: ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ Nana kì í gbọ́rọ̀ kí agbẹnusọ tó sọ ọ́. Ó yíjú sí Kwaku, ó ń dúró.

Ọ̀ràn dé bá Kwaku. Ọ̀rọ̀ tútù nìyí, wọ́n sì ti ní kó má gbé tútù wá. Ó gbé ọ̀pá sókè.

"Nana, ọmọ náà ní fáìlì rẹ ti gbó, ó ti dàgbà. Ó ní ọ̀la gan-an ni ọjọ́ ńlá rẹ̀, kí Nana fi ojú sí i."

Díẹ̀ nínú òtítọ́ ni Kwaku ẹni àánú yìí rí gbé kọjá. Yaseer ní ọ̀rọ̀ méjì níwájú: ọ̀kan korò, ọ̀kan dùn. Èwo lẹ rò pé ó mú? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sọ fún un pé a gbọ́, inú wa sì dùn."

Ùmmúkùlsùm dìde dúró. "Bàbá, ẹ gbọ́ Yorùbá. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Ọ̀la ni mo wí! Ẹni tó ni fáìlì yìí ńkọ́?"

Yaseer sọ fún Kwaku, "Sọ fún ọmọ yìí pé kò mọ ibi tó wà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Kwaku kò fi oyin kankan sí, nítorí pé oyin ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà gbé ojú ìwé tó kọ sórí tábìlì, ó jáde. Máàkì mọ́kànlá ló gbà. Yaseer lọ jẹ fùfú.

Ní Ọjọ́rú, Kwaku wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Yaseer ń kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí pátákó tuntun, ó ti dé ojú ìwé kẹjọ. Kò bá Kwaku sọ̀rọ̀. Agbẹnusọ kì í sì sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ilé ẹjọ́ ti ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́rin.

Ní Ọjọ́bọ̀, Anita ti Obuasi dé. Ó mú àwọn ojú ìwé tí àwọn ọmọ kọ, nítorí pé òun ń fẹ́ ka ohun tí wọ́n mọ̀. Ó ka mẹ́fà, ó ń yán. Ó mú ìkeje, ti Ùmmúkùlsùm, ó fò dìde, ó sì já wọ yàrá Yaseer láìké agoo.

"Yaseer, fáìlì ta ni ẹ fi dán wọn wò?"

"Fáìlì ìdánwò ni."

"Mo ní ta ló ni ín!"

Yaseer ṣí i. Ó gbé ojú ìwé kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, orúkọ Alhaja Nímátù sì hàn lábẹ́ yíǹkì. Ìyá arúgbó kan tó gbẹ́kẹ̀ lé e fún ọdún mẹ́ta ti pàdánù ṣọ́ọ̀bù, Yaseer sì ti gbọ́ ọ kó tó ṣẹlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta, kò rántí pátákó.

Àmọ́ ẹ má ṣe bínú sí i tán, ẹ ṣì máa bínú sí i sí i. Nígbà tí ẹ̀rù dín, ọgbọ́n lọ́yà dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ adájọ́ pé kó fún wọn ní ọjọ́ sí i, ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ìdí. Àwọn lọ́yà ní ìdí kan tó ti wà láti ayébáyé: àṣìṣe akọ̀wé. Yaseer kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé Kwaku ló gbé fáìlì síbi tí kò yẹ. Ó gbé e fún Kwaku kó fọwọ́ sí i. Kwaku kà á, ó sì fọwọ́ sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ilé ẹjọ́ kún. Alhaja Nímátù jókòó níwájú, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Lẹ́yìn pátápátá, Theophilus ti gbé eékún rẹ̀ wá, ó fẹ́ wo ẹni tí yóò jogún àga òun. Yaseer rí i. Adájọ́ náà jẹ́ obìnrin, ó ka ẹ̀bẹ̀ náà, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sórí imú.

"Àṣìṣe akọ̀wé. Lọ́yà Bákàrè, ìwọ ni ẹni kejìlá tí akọ̀wé rẹ̀ ṣe àṣìṣe lọ́dọ̀ mi lóṣù yìí. Kí ló dé tí akọ̀wé nìkan ló ń ṣe àṣìṣe ní Kumasi? Dìde, ìwọ akọ̀wé. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Kwaku dìde. Ó yíjú sí Yaseer, ó ń dúró kí wọ́n fún un láṣẹ. Ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún, ó dúró gbọnin bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

"N kò gba ìdí yìí," ni adájọ́ wí. Ó mú bíírò. "Bí kò bá sí òmíràn, ṣọ́ọ̀bù..."

Alhaja Nímátù kò gbọ́ èdè òyìnbó, àmọ́ ó rí bíírò. Ó ní, "Wallahi, Yaseer, sọ nǹkan."

Yaseer wo ẹ̀yìn, ó rí Theophilus. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí Kwaku. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ó dìde.

"Ọlọ́lá, akọ̀wé kò ṣe àṣìṣe. Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Èmi ni. Mo fi fáìlì ìyá yìí dán àwọn ọmọ tó wá wáṣẹ́ wò, láìwo inú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé ọjọ́ kejì ló pé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"O kò gbọ́ ọ ni?"

"Mo gbọ́ ọ, Ọlọ́lá. Mo ń dúró kí agbẹnusọ mi sọ ọ́ fún mi."

Adájọ́ gbé bíírò sílẹ̀. "Agbẹnusọ wo?"

"Mo ní agbẹnusọ."

"Ìwọ? Lọ́yà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́lá."

"Ó ní ọ̀pá?"

"Ó ní."

"Kí ló wà lórí ọ̀pá náà?"

Yaseer ti pa irọ́ kan lóṣù náà, kò ní agbára fún èkejì. "Mo ní kí wọ́n gbẹ́ adájọ́ síbẹ̀, Ọlọ́lá. Àgùntàn ló jáde. Mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé àgùntàn ni."

Ẹ̀rín bú. Àwọn lọ́yà ń rín, ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ń rín, lọ́yà àwọn tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ń fi ìwé bo ojú. Adájọ́ yọ gíláàsì, ó nu omijé ẹ̀rín. Ohun tó wá yà Yaseer fúnra rẹ̀ lẹ́nu ni pé ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n lára, òun náà rín, níwájú gbogbo wọn, bí ẹni tí wọ́n bọ́ aṣọ tó há mọ́ ọn kúrò lọ́rùn.

Nígbà tí ilé pa rọ́rọ́, adájọ́ ní, "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà lórí àga yìí, ìdí tí mo gbọ́ yìí ló burú jù, òun náà sì ni mo gbà gbọ́ jù. Mo fún yín di agogo mẹ́rin òní. Ìyá kò ní jìyà ẹ̀ṣẹ̀ lọ́yà." Kí agogo méjì tó lù, Kwaku àti Anita ti kó gbogbo ìwé dé.

Níta, Alhaja Nímátù di Yaseer lọ́wọ́ mú. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ rò pé yóò ṣépè ni.

Ó ní, "Yaseer, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wá sọ́dọ̀ rẹ. Kwaku ló ń jáde sí mi ṣáá. Òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ." Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ó jọ ti bàbá rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa Yaseer lẹ́kún, kì í ṣe ẹ̀rín inú ilé ẹjọ́. Ó bẹ ìyá náà, ó sì yíjú sí Kwaku, ó pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Kwaku ní ó ti tán, àmọ́ kò wò ó lójú. Ìyẹn kò lè tán lọ́jọ́ kan.

Theophilus ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sinmi, ó ní, "Anita ni." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yaseer ti mọ̀ kó tó sọ ọ́, síbẹ̀ ó dùn ún wọ eegun.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Anita rán an ni kó lọ mú ọmọbìnrin Krofrom yẹn wá. "Àyè kìíní ti di tirẹ̀," ni Anita wí. "Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ. Má rán ẹnikẹ́ni."

Ọjọ́ Àìkú kejì ló lọ. Ó bá Sàlímà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, wọ́n gbé àga fún un láàrin àwọn aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò tíì ṣẹ́tí sí. Ùmmúkùlsùm jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí i bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Yaseer ti kọ́ ohun tí yóò sọ nínú trotro, ọkọ̀ èrò tó gbé e wá, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́sí. Mo gbọ́ ọ nígbà náà, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo wá bẹ̀ ọ́. A fẹ́ kí o wá."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn láti ọjọ́ Ajé. Lọ́yà kan ni, yàrá kan péré ló ní, lókè ilé ìtajà oògùn ní òpópónà wa yìí."

Ó dun Yaseer gan-an. Ilé-iṣẹ́ ńlá, àyè méjì, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ iṣẹ́ nínú wọn ti lọ sí yàrá kan.

"Báwo ni wọ́n ṣe dán ọ wò?"

"Wọ́n gbé fáìlì fún mi, wọ́n ní kí ni mo rí. Mo sọ ohun tí mo rí."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

Ùmmúkùlsùm rò ó díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ohun tó yani lẹ́nu nínú ìbéèrè náà. "Wọ́n gbọ́ ni, sà."

Yaseer mi orí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Sàlímà, ó sì sọ fún ọmọ náà pé kó má kúrò lọ́dọ̀ lọ́yà tó gbọ́ ọ yẹn.